Agbẹnusọ Ilé Morákinyọ̀

Peterhead, Scotland.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú èéfín ẹja. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí Bísọ́lá ò fi pè. Bí mo bá pè, Peculiar ló máa gbé e, torí ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù ilé yẹn ń gbé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Bùrọ́dà Zachariah inú ìjọ wa tẹ ìwé yìí síta láti orí fóònù rẹ̀, kó mú un wá fún yín. Bí ẹ bá kọ èsì, ẹ gbé e fún un, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ara mi le. Iṣẹ́ náà kò yí padà, ẹja ni mò ń gé láti àárọ̀. Ẹ bí mi létí omi ní Ìlàjẹ, ẹ fi ẹja tọ́ mi dàgbà ní Warri, mo wọ bàálù sá kúrò nídìí ẹja, mo tún wá bá ẹja níbí. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà. Òtútù ibi iṣẹ́ wa pọ̀ débi pé bí ọ̀bẹ bá gé mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ rí kí n tó mọ̀ pé ó gé mi.

Ẹ rántí Tọ́pẹ́ tí a jọ kàwé. Ó ti di tíṣà ní ilé-ìwé tí Peculiar ń lọ. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì, òun ò fojú kan Peculiar ní kíláàsì. Ó ní kí Kérésìmesì tó dé pàápàá, bó bá wá lónìí, kì í wá lọ́la. Wọ́n ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Táàmù kẹta ni wọ́n máa ṣe ìdánwò tí yóò gbé wọn lọ sí kíláàsì àṣejáde. Bí kò bá wọlé ní táàmù yẹn, ó parí nìyẹn.

Màmá, ṣé Peculiar náà ni? Ọmọ tó máa ń sunkún bí òjò bá ní kò ní lọ sílé-ìwé? Bí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò bá tó, ẹ sọ fún mi. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ́nu Tọ́pẹ́.

Ọmọ yín,
Bísọ́lá.


Ubeji, Warri.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì, 2025.

Bísọ́lá ọmọ mi,

Àlàáfíà Olúwa kó wà pẹ̀lú rẹ nínú òtútù tí o wà yẹn. Mo rí ìwé rẹ gbà. Zachariah ti kà á kó tó gbé e fún mi. Kò sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe kí mi ju bó ṣe máa ń kí mi lọ ni mo fi mọ̀.

Bàbá yín wà bí o ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn lórí fóònù. Rọpárọsẹ̀ náà kò burú sí i, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gbé ife. Ọ̀rọ̀ kò tíì padà sí i lẹ́nu. Bó bá ń fẹ́ omi, á kan tábìlì. Morákinyọ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń bá gbogbo Warri sọ̀rọ̀ nítorí wa, tó máa ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà, tó máa ń mú ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Tábìlì ló ń kàn báyìí. Mo máa ń gbọ́ ọ, màá dìde, màá bu omi.

Lórí ọ̀rọ̀ Peculiar, ta ló ní ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó ní kó má lọ mọ́. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí ìṣó, mo sì fọ̀ ọ́. Ọmọ náà kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ la ń gbé Bàbá yín lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń gbé ẹja yíyan lọ fún àwọn oníbàárà ní Deco Road àti ní Warri–Sapele Road. O mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bí nǹkan bá rọ̀ wá lọ́rùn, á padà lọ.

Owó rẹ ń dé, a dúpẹ́. Kì í ṣe owó. Sọ fún Tọ́pẹ́ kó gbájú mọ́ ilé ọkọ rẹ̀. Bá mi wá ibọ̀sẹ̀ tó nípọn fún Bàbá yín, ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń tutù láàárọ̀.

Ìyá rẹ,
Jemima.


Peterhead.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti ra ibọ̀sẹ̀, mo máa wá ẹni tí yóò bá mi mú un wálé.

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń wí ni kò yé mi. Ẹ ti ń yan ẹja kí wọ́n tó bí mi. Ẹ lè gbé agbọ̀n tí ọkùnrin ò lè gbé. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ kà fún mi pé ọmọ náà ń bá yín jáde, ọjọ́ méjì tó kù ńkọ́? Kí ló ń ṣe nílé?

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí a bá fẹ́ràn là ń sọ òótọ́ fún lójú. Tọ́pẹ́ rí Peculiar ní Deco Road ní ọ̀sán gangan, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì fún un lówó. Màmá, ṣé ọmọ yìí kò lóyún? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi ìrànlọ́wọ́ bò ó mọ́lẹ̀? Mo mọ̀ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ará ìta.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn sọ. Mi ò ní pariwo. Mi ò tilẹ̀ rò pé màá sunkún. Níbí, nǹkan kì í tètè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Wọ́n sọ fún mi níjọ́sí pé ẹni tí a jọ ń gé ẹja kú sílé rẹ̀, mo ní ó mà ṣe o, mo wọ ìbọ̀wọ́ mi.

Ọmọ yín,
Bísọ́lá.


Ubeji.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta, 2025.

Bísọ́lá,

Mo kí ọ.

Mo ti rí ìwé rẹ láti ìgbà tó ti dé. Mi ò dáhùn nítorí pé mi ò fẹ́ dáhùn.

Ọkùnrin tí Tọ́pẹ́ rí ni Shamsudeen, oníbàárà wa, ó ní ilé oúnjẹ. Owó tó ń fún Peculiar, owó ẹja ni. Bí Tọ́pẹ́ bá ti yí ọrùn díẹ̀, ì bá rí èmi náà nínú kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú agbọ̀n lórí ẹsẹ̀ mi. Peculiar ń bá mi ná ọjà ni. Mo wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí ọmọ yẹn ń lọ tí mi ò sí níbẹ̀.

O fi ojú oníṣekúṣe wo àbúrò rẹ láti òkè òkun. Èmi ò sọ fún un. Zachariah ló lọ sọ fún un, ẹnu rẹ̀ kò lè gba nǹkan dúró. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán. Ó lọ da eérú ibi tí a ti ń yan ẹja nù, ó padà wá jókòó.

Má tún kọ irú rẹ̀ sí mi mọ́.

Jemima.


Ubeji.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Èmi Peculiar ni. Ẹ má fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń gbọ́ ọ ju bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo ro ó dáadáa.

First of all, I no get belle. Kò dùn mí tí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kó dùn mí, mo jókòó dè é, kò wá.

Ẹ bi Màmá pé ìrànlọ́wọ́ wo. Láti ìgbà tí Bàbá ti ń ṣàìsàn, èmi ni ẹnu Màmá. Ẹ̀yin mọ̀ pé Màmá kì í sọ Pidgin. Bàbá ló ń sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin náà sì ń sọ ọ́ fún un kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ lọ, Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó wá ku èmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ọ̀rọ̀, Màmá yíjú wò mí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mò ń bá oníkẹ̀kẹ́ ná owó, èmi ni mò ń bá Shamsudeen ná ẹja, èmi ni mò ń bá àwọn NEPA jà. Ọjọ́ tí a ò lọ síbì kankan, Màmá ní kí n dúró, bóyá ẹnìkan á wá kan ilẹ̀kùn.

Kò sí ọjọ́ kan tí mo ní mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mọ́ńdè kan ni mo kọ́kọ́ pa jẹ. Lẹ́yìn ẹ̀, Tọ́sìdé. Bí mo bá dé ní Wẹ́sìdé, wọ́n ti parí nǹkan tí mi ò bá wọn bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ìṣirò á ní, "Visitor, you don land?" Kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ẹ mọ Warri now. Nígbà tó yá, mo rí i pé kí n jókòó sílé rọrùn ju kí n jókòó síbẹ̀ bí òpè.

Àǹtí, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá gbọ́ Pidgin. She dey hear everything. Bí wọ́n bá bú u lọ́jà, inú á ti bí i kí n tó túmọ̀ ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò fẹ́ fi sọ ọ́. Ọdún tí ẹ lọ, ó dá lọ ra ata, ó sọ ọ́, àwọn aláta fi í rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀ dé ìparí. Wọ́n ń sín in jẹ títí tó fi kúrò lọ́jà. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Nínú oṣù Kọkànlá, nọ́ọ̀sì sọ fún mi níwájú rẹ̀ pé, "Tell your mama say your papa talk fit no come back again o." Mo yíjú sí Màmá, mo ní nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ Bàbá máa padà díẹ̀díẹ̀. Màmá ní àmín. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. A wọ kẹ̀kẹ́, a wálé. I no cry. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo nǹkan kàn rí bákan náà sí mi. Bí ẹ bá ní kí n lọ sílé-ìwé, màá lọ. Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró.

Ẹ má sọ fún Màmá pé mo kọ̀wé o.

Peculiar.


Peterhead.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ foríjì mí lórí ohun tí mo kọ nípa oyún. Ẹnu mi ló yá ju òye mi lọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin àti Peculiar.

Ó ní kí n má sọ pé òun kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n màá sọ, nítorí pé bí mo bá dákẹ́, gbogbo wa nínú ilé yìí á máa dákẹ́ lọ. Ó kọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sí mi. Ó kọ àmín tí ẹ ṣe sí mi pẹ̀lú.

Màmá, mo bi Tọ́pẹ́ pé báwo làwọn ọmọ ṣe ń kúrò nílé-ìwé. Mo rò pé á sọ nípa owó tàbí ọkùnrin. Ó ní àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn, ilé ló yá wọn lọ́jọ́ kan, ilé kò dá wọn padà. Ó ní bí ọmọ bá pa ọjọ́ kẹta jẹ, ó yẹ kí ẹnìkan ti lọ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Òun náà jẹ́wọ́ pé òun ò wá kan tiwa, ó rò pé ẹ ti ń múra àtilọ sí Ìlàjẹ.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n máa wọlé fún táàmù kẹta. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun ò ní yọ orúkọ Peculiar bí òbí rẹ̀ bá wá bá òun fúnra rẹ̀. Kò gba Zachariah. Kò gba fóònù láti òkè òkun, mo ti gbìyànjú. Òbí ló ní kó wá. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀. Ó ku ẹ̀yin.

Ẹ jẹ́ kí ẹja di Sátidé. Ẹ ní kí Zachariah máa bá yín gbé Bàbá sínú kẹ̀kẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, ó jẹ wá ní gbèsè pẹ̀lú gbogbo òfófó tó ṣe. Èyí tó kù, Màmá, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu yín. Níbí, mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá wa ń sọ. Patience, ọmọ Gánà kan, ló ń bá mi tún un sọ. Patience wá gba ìsinmi lọ, lọ́jọ́ kan mo béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá fúnra mi, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ibi tí màá dúró hàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹja.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Bísọ́lá.


Peterhead.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Tọ́pẹ́ ní wọ́n ti wọlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìjókòó Peculiar sì ṣófo. Zachariah ní ẹ gba ìwé mi, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ wọlé. Mo pè, Peculiar ló gbé e. Ó ní gbogbo yín wà dáadáa. Mo béèrè yín, ó ní ẹ ń yan ẹja.

Mi ò mọ ohun tí mo tún máa kọ. Ẹ bú mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ṣáà kọ nǹkan.

Bísọ́lá.


Ubeji, Warri.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Bísọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ rẹ tó ń gbé inú òtútù. Bàbá yín ń kí ọ. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ, ó kan tábìlì, mo sì wò ó, kì í ṣe omi ló ń fẹ́.

Inú bí mi sí ọ. Ìwọ ọmọ tí mo bí lo kọ ọ́ síwèé pé kí n lọ sọ̀rọ̀ ní gbangba kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, tí Zachariah sì kà á. Inú bí mi sí Peculiar náà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ṣì ń tẹ̀ lé mi, a jọ ń jáde, a jọ ń wọlé. Lọ́jọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ Shamsudeen, Peculiar ń bá a ná ọjà, mo sì ń wo ojú ọmọ náà. Ó ń pa á lẹ́rìn-ín kó lè fowó sí ẹja wa, ó ń fi ẹnu rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo mọ ojú yẹn. Mo ń rí i nínú dígí láàárọ̀.

Òótọ́ ni, mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nínú oṣù Kọkànlá. Mo gbọ́ ọ kí ọmọ náà tó yíjú sí mi. Ó parọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo ní àmín kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀. Ọkàn ẹnì kankan kò balẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ní kó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó wọ̀ ọ́, kò bi mí léèrè. Zachariah dúró ti Bàbá yín. A dé ilé-ìwé, mo ní kí Peculiar jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, mo wọlé. Àwọn akọ̀wé méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá náà. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ láti ilé. Mo ní, "I be Peculiar mama. Na me hold am for house. Abeg make una take am back." Ahọ́n Ìlàjẹ ni mo fi sọ ọ́, mi ò ní òmíràn. Àwọn akọ̀wé náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan sín mi jẹ ní ojú mi. Mo rí Peculiar lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dìde kó wá bá mi tún un sọ. Mo ní kó padà lọ jókòó. Mo dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá náà ní kí n jókòó. Ó bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, mo dáhùn èyí tí mo lè dáhùn. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pàdánù ohun púpọ̀, ó lè má yege nínú ìdánwò náà, ó sì lè tún kíláàsì náà ṣe. Mo sọ fún Peculiar. Ó ní, "No wahala." Ó wọ kíláàsì rẹ̀ lọ. Tọ́pẹ́ ní òun á máa bá a tún ẹ̀kọ́ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tọ́pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ tí mo sọ. Kò mọ̀ pé mo sọ ọ́, ó wá di pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé.

Mi ò lè sọ fún ọ pé inú Peculiar ń dùn. Bó bá ti ilé-ìwé dé, kì í sọ̀rọ̀. Á jẹun, á fọ abọ́, á sùn. Mo ti ní kí gbogbo ilé fi í sílẹ̀. Ó ti ṣe agbẹnusọ wa tó.

Èmi nìkan ni mo gbé Bàbá yín lọ ní Ọjọ́bọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́ wa jẹ díẹ̀, mo jà, ó ṣì rẹ́ wa jẹ. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì náà wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mama, where your pikin wey dey talk for you?"

Mo ní, "She dey school."

Ìyá rẹ,
Jemima.